Gáàsì Tí Kò Ní Òórùn: Ìmọ̀ràn fún Onílé Tí Ń Sin Ẹja Nínú Gíláàsì

Kì í ṣe ohun titun mọ́ létí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n pé àwọn ènìyàn ń sin ẹja sínú àpótí gíláàsì nínú pálọ̀ wọn. Ohun rere ni àṣà yìí. Ẹja kì í pariwo, kì í bá aládùúgbò jà, ìtọ́jú rẹ̀ a sì máa kọ́ ọmọdé ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹja nìkan kò tẹ́ àwọn mìíràn lọ́rùn. Wọ́n ń fẹ́ kí ewéko tutù kún inú omi náà bí ọgbà. Kí ewéko náà baà lè tètè dàgbà, wọn a ra sílíńdà gáàsì àti rẹ́gúlétọ̀, wọn a sì gbé e sí abẹ́ tábìlì tí àpótí ẹja wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sílíńdà yìí ni a fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Thomas Estate ní Ajah, àti ní àwọn àdúgbò tí ó wà láàárín ọ̀sà àti òkun láti Lẹ́kkí títí dé ibẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé tí ń kọ́ni ní ìlò ohun èlò yìí, ìlú òtútù ni a ti kọ wọ́n, níbi tí oòrùn kò mú, tí iná mànàmáná kì í sì í lọ. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn láìfi ooru ilẹ̀ wa àti iná wa kún ìṣirò rẹ̀ lè ṣe ara rẹ̀ ní ibi.

A kò kọ̀wé láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé kí a kó sílíńdà dànù. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ó yé yín: gáàsì yìí kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, nítorí náà imú ènìyàn kò lè bá onílé ṣọ́ ọ. Gáàsì ìdáná ní òórùn burúkú tí àwọn tí ń tà á mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i kí ó lè kìlọ̀ fún wa. Èyí kò ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Ètò ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí imú kò lè ṣe.

IRÚ GÁÀSÌ WO NI?

Orúkọ rẹ̀ ni kábọ́nì dayọ́ksáìdì. CO2 ni wọ́n máa ń kọ sí ara sílíńdà rẹ̀. Òun ni ó ń bá èémí wa jáde. Òun ni ó ń hó nígbà tí a bá ṣí ìdérí ìgò mínírà, òun náà ni ó sì ń ru lójú ẹmu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti oko. Joseph Black, ọ̀mọ̀wé ará Scotland, ṣe àlàyé rẹ̀ fún aráyé láàárín ọdún 1754 sí 1756. Ní ọdún 1772, Joseph Priestley, ẹni tí í ṣe oníwàásù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde lórí bí a ti ń po gáàsì náà mọ́ omi. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ohun mímu ẹlẹ́fòó tí a ń mu lónìí ti wá.

Nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, bí a bá pín in sí ọ̀nà 10,000, nǹkan bí ọ̀nà 4 péré ni ti gáàsì yìí. Síbẹ̀ díẹ̀ yìí ni gbogbo ewé orí ilẹ̀ fi ń ṣe oúnjẹ wọn nínú ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọ́síjìn tí àwa ń mí sílẹ̀ fún wa. Bákan náà ni ewéko inú omi. Bí fìtílà orí àpótí ẹja bá mọ́lẹ̀ púpọ̀, ewéko yóò tètè jẹ ìwọ̀nba gáàsì tí ó wà nínú omi tán. Nígbà náà ni àwọn olùtọ́jú ń fi kún un láti inú sílíńdà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ewéko kò jẹ ẹ́ mọ́, àwọn pàápàá a sì máa mí ọ́síjìn bí ẹja. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ NYOS

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, nígbà tí ó wà nínú mínírà, kí ni ó lè ṣe? Ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù tí ó bá wa pààlà ní ìhà ìlà-oòrùn, adágún omi kan wà tí a ń pè ní Nyos. Láti inú ilẹ̀ oníná tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni gáàsì yìí ti ń yọ́ wọ inú omi fún ọdún púpọ̀, tí ìwúwo omi sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdérí ti í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ìgò. Ní alẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ọdún 1986, omi náà yí padà, gáàsì náà sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé ó fi nǹkan bí ìlàjì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kò gòkè. Ó ṣàn lọ sí àfonífojì bí àgbàrá. Nǹkan bí 1,700 ènìyàn ni ó kú, àti nǹkan bí 3,500 ẹran ọ̀sìn. Ó sì pa àwọn kan tí wọ́n jìnnà tó kìlómítà 25. Iná kò jó wọn, ilé kò sì wó lù wọ́n. Ní ọdún méjì ṣáájú, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún 1984, adágún Monoun ní ilẹ̀ kan náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn 37.

Ẹ wo ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2001, wọ́n ri ọ̀pá gígùn kan sínú omi Nyos dé ìsàlẹ̀, kí gáàsì náà lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2011, wọ́n fi ọ̀pá méjì mìíràn kún un. Ohun tí ọ̀pá wọ̀nyí jẹ́ fún adágún náà ni rẹ́gúlétọ̀ jẹ́ fún sílíńdà. Agbára ńlá wà ní ìsàlẹ̀; iṣẹ́ ọ̀pá ni láti jẹ́ kí ó jáde ní ìwọ̀nba tí kò lè pa ènìyàn.

ÌṢIRÒ KAN FÚN YÀRÁ KAN

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, kílò kan gáàsì yìí, bí ó bá tú sínú afẹ́fẹ́, yóò di nǹkan bí lítà 550. Bí yàrá kan bá gùn ní mítà 4, tí ó fẹ̀ ní mítà 3, tí àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 2.7, lítà 32,400 ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí sílíńdà oníkílò 5 bá jò tán nínú yàrá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé ní títì, gáàsì náà yóò tó ìdá 8 nínú 100 afẹ́fẹ́ yàrá náà. Bí ó bá jẹ́ oníkílò 2, yóò tó ìdá 3 nínú 100. Ní ìdá 3, èémí ènìyàn yóò máa yára, orí a sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Bí ó bá súnmọ́ ìdá 10, ènìyàn lè dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí kò bá sì sí ẹni tí ó gbé e jáde, ó lè má jí mọ́.

Ìsàlẹ̀ ni gáàsì tí ó bá jò a sì kọ́kọ́ kó ara jọ sí. Ta ni ó ń sùn nísàlẹ̀? Ọmọdé tí a tẹ́ ẹní fún ni, àti àlejò tí a tẹ́ ibùsùn fún sí ilẹ̀ pálọ̀. Kí a má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ amúlétutù. Irú èyí tí a ń gbé kọ́ ara ògiri nínú ọ̀pọ̀ ilé kì í fa afẹ́fẹ́ titun wọlé. Afẹ́fẹ́ kan náà tí ó wà nínú yàrá ni ó ń tutù tí ó sì ń dá padà. Yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀fọn, tí amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, yàrá tí a dé ní ìdérí ni.

Nítorí náà, òfin kìíní nìyí: sílíńdà kò gbọ́dọ̀ sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú ènìyàn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e sí ìta lábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn kò dé, kí ẹ sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ògiri wá sí ibi àpótí ẹja. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ pálọ̀ tí ó gbòòrò, tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun èlò kékeré kan wà tí ń ké bí gáàsì yìí bá pọ̀ jù nínú yàrá. Ó dára kí a ra ọ̀kan, kí a sì kọ́ ọ sí ibi tí kò ga. Ṣùgbọ́n kí ẹ ka ohun tí a kọ sí i dáradára. Èyí tí ń ṣọ́ èéfín iná kò lè ṣọ́ gáàsì yìí. Èyí tí ń ṣọ́ májèlé inú èéfín jẹnẹrétọ̀ kò sì lè ṣọ́ ọ, nítorí gáàsì mìíràn ni ìyẹn.

ǸJẸ́ Ẹ TILẸ̀ NÍLÒ RẸ̀?

Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ewéko tí ó fẹ́ gbìn nílò gáàsì. Ní ọdún 1857, nígbà tí Dókítà William Baikie àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ọkọ̀ Dayspring gòkè odò Ọya, tí àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther sì wà pẹ̀lú wọn, onímọ̀ ewéko kan wà láàárín wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Charles Barter. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣa ewéko ilẹ̀ wa jọ. Kò padà sílé mọ́. Rábà ni ó kú sí ní ọdún 1859. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1860 a fi orúkọ rẹ̀ pe ewéko kan, Anubias barteri, tí ń hù létí odò ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Lónìí ewéko yìí wà nínú àpótí ẹja káàkiri ayé. Ewé rẹ̀ nípọn, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ó sì ń dàgbà láìsí sílíńdà kankan. Kí a so ó mọ́ òkúta tàbí igi. Kí a má ṣe bo ìtàkùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bákan náà ni ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelvicachromis pulcher. Inú odò ìhà gúúsù Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Àwọn aláwọ̀ funfun ti ń sin ín láti ọjọ́ pípẹ́. Onílé tí ó bá fi ewéko àti ẹja ilẹ̀ wa wọ̀nyí ṣe ọgbà inú omi rẹ̀ ti ní ẹwà, kò sì ní ewu sílíńdà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ewéko pupa àti koríko kúkúrú tí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ gan-an ni ọkàn yín wà lórí rẹ̀, ẹ bá wa ká lọ.

IṢẸ́ RẸ́GÚLÉTỌ̀

Fọkanáísà tí ń fẹ́ taya mọ́tò a máa fẹ́ ẹ dé 30 tàbí 35 lójú aago rẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọn sílíńdà CO2, ipá inú rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 830 nígbà tí ooru bá jẹ́ dígírì 20, bí ó ti máa ń rí ní ìlú òtútù. Ní dígírì 30, tí kì í ṣe ohun ìyanu ní Ajah lọ́sàn-án, ó ti ju 1,000 lọ. Bí ooru bá kọjá dígírì 31, gáàsì tí ó dà bí omi nínú sílíńdà kò lè jẹ́ omi mọ́, láti ibẹ̀ lọ ni ipá rẹ̀ sì ń gòkè kíákíá. Ìdí nìyí tí sílíńdà kò fi gbọ́dọ̀ dúró nínú oòrùn, tàbí lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, tàbí ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù níbi tí ó ti ń tu ooru jáde. Rẹ́gúlétọ̀ ni ó ń gba ipá yìí, tí ó sì ń sọ ọ́ di nǹkan bí 15 sí 40, gẹ́gẹ́ bí ti taya.

Ohun márùn-ún ni kí ẹ wò lára rẹ̀. Èkíní ni aago méjì: ọ̀kan ń sọ ipá inú sílíńdà, èkejì ń sọ ipá tí ń jáde. Èkejì ni ọwọ́ tí a fi ń dín ipá kù. Ẹ̀kẹta ni fáàfù tí iná ń ṣí, tí ó ń pa ara rẹ̀ dé bí iná bá lọ. Ẹ̀kẹrin ni fáàfù abẹ́rẹ́, tí a fi ń dín gáàsì kù títí a ó fi lè máa ka ifòfó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀karùn-ún ni fáàfù kékeré tí kò jẹ́ kí omi inú àpótí padà wọ inú rẹ́gúlétọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi rẹ́gúlétọ̀ gáàsì ìdáná tàbí ti ọ́síjìn àwọn ajórin-mọ́rin ṣe iṣẹ́ yìí. A kò ṣe wọ́n fún un.

BÍ A TI Ń SO Ó MỌ́ SÍLÍŃDÀ

Ẹnu sílíńdà kì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo ayé. Ti Amẹ́ríkà ń lo ẹnu tí wọ́n ń pè ní CGA 320. Ti Jámánì ń lo W21.8. Nítorí náà rẹ́gúlétọ̀ tí ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun lè má bá sílíńdà tí a rà ní Èkó mu. Bí kò bá bá a mu, ẹ má ṣe fi sípánà fi ipá mú un, ẹ má sì ṣe wé e ní rọ́bà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ wá ẹnu tí ó bá a mu gan-an, kí ẹ sì fi wọ́ṣà tí ó tọ́ sí i.

Kí sílíńdà dúró ṣánṣán, kí a sì fi ẹ̀wọ̀n tàbí okùn líle dè é mọ́ ògiri, kí ọmọdé má baà taari rẹ̀ ṣubú. Bí ó bá dùbúlẹ̀, omi gáàsì yóò wọ inú rẹ́gúlétọ̀, yóò sì bà á jẹ́. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe sọ sílíńdà ìpaná di ti ẹja: ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí ó dé ìsàlẹ̀, omi gáàsì ni ó sì ń fà jáde. Ẹ fi pákó tàbí búlọ́ọ̀kù sí abẹ́ sílíńdà, nítorí ilẹ̀ tútù àti afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun a máa mú kí ìdí rẹ̀ dípẹtà.

Kí ẹ tó ṣí i, ẹ rí i pé ọwọ́ rẹ́gúlétọ̀ àti fáàfù abẹ́rẹ́ wà ní pípadé. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ṣe kọjú sí aago. Ẹ ṣí sílíńdà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ sì fi kan gbogbo oríkèé rẹ̀; ibi tí ó bá ń hó, ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Ẹ pa á dé, ẹ tún un ṣe, ẹ sì tún un dán wò. Kí a ṣe èyí nígbà gbogbo tí a bá pààrọ̀ sílíńdà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi fìtílà dán an wò. Kí iná fìtílà tó kú, orí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ yóò ti dàrú.

NÍPA INÁ TÍ Ń LỌ TÍ Ń BỌ̀

Àwọn ìwé wí pé kí gáàsì bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú ìmọ́lẹ̀, kí ó sì dákẹ́ ní wákàtí kan kí ìmọ́lẹ̀ tó kú. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ? Ẹni tí kò bá ní fáàfù oníná, gáàsì rẹ̀ yóò máa wọ inú omi lọ nígbà tí ẹ̀rọ tí ń da omi rú ti dákẹ́, tí fìtílà sì ti kú. Omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀ bí omi tútù, omi ilẹ̀ wa sì gbóná. Ẹja irú ilé bẹ́ẹ̀ lè má rí òwúrọ̀. A kò mọ bí a ṣe lè sọ ọ́ jù báyìí lọ: ní Èkó, ẹni tí kò ní fáàfù oníná kò gbọdọ̀ lo gáàsì.

Ewu kejì fara sin. Aago oníyíyí tí ó ń tan iná tí ó sì ń pa á ní wákàtí tí a fi sí, iná kan náà ni ó ń yí i. Bí iná bá lọ fún wákàtí 4, aago náà yóò dúró fún wákàtí 4. Bí a bá ti fi gáàsì sí kí ó dákẹ́ ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, aago 9 alẹ́ ni yóò tó dákẹ́. Bí ẹnìkan nínú ilé bá sì ti fi ọwọ́ pa fìtílà, inú òkùnkùn ni gáàsì ń wọ̀, nígbà tí ewéko kò jẹ ẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ ra aago tí ó ní bátìrì nínú, tí kì í gbàgbé wákàtí bí iná bá lọ. Bí kò bá sí, ẹ tún aago yín ṣe ní gbogbo ìgbà tí iná bá padà dé. Bí ẹ bá ní ínfátà, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn, kì í ṣe gáàsì.

Ní ti ìwọ̀n, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fún àpótí kékeré, kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ju ifòfó kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgò kékeré kan wà tí a ń fi sínú omi, tí oje inú rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà: bí ó bá dà bí aró, gáàsì kò tó, bí ó bá dà bí ewé, ó tó, bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ó ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n oje náà a máa pẹ́ bíi wákàtí kan tàbí méjì kí ó tó sọ òtítọ́. Ẹja fúnra wọn a máa yára jù ú lọ. Bí ẹ bá rí wọn tí wọ́n gòkè wá sí ojú omi, tí wọ́n ń la ẹnu wúyẹ́wúyẹ́, ẹ pa gáàsì dé kíá, ẹ da omi rú, kí ẹ sì pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀.

AAGO KÒ LÈ SỌ FÚN YÍN PÉ GÁÀSÌ Ń TÁN

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé aago sílíńdà ń sọ iye gáàsì tí ó kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi gáàsì bá ṣì wà nínú rẹ̀, ooru ọjọ́ ni ń gbé aago náà sókè tí ó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ láìpadà, ó ti kù díẹ̀ kí gáàsì tán. Ìgbà náà ni ewu mìíràn dé: nínú rẹ́gúlétọ̀ onípele kan, bí ipá inú sílíńdà ti ń rẹlẹ̀ ni ipá tí ń jáde ń pọ̀ sí i, gáàsì tí ó kù sì lè rọ́ wọ inú omi lóru kan. Rẹ́gúlétọ̀ onípele méjì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ́n jù, ṣùgbọ́n ó yẹ fún owó rẹ̀. Ọ̀nà tí ó dájú ni òṣùwọ̀n. A máa ń tẹ ìwúwo sílíńdà òfìfo sí ọrùn rẹ̀. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ yọ ìyẹn kúrò, ohun tí ó kù ni gáàsì yín. Bí ó bá ku bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ gbé e lọ kún.

Níbi tí ẹ ó ti kún un, ẹ bèèrè ọdún tí a dán sílíńdà náà wò kẹ́yìn, nítorí a máa ń tẹ èyí pẹ̀lú sí ọrùn rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-márùn-ún ni òfin wí. Kí wọ́n má ṣe kún un dé ẹnu. Bí sílíńdà bá lè gba omi kílò 3, nǹkan bí kílò 2 gáàsì ni kí ó gbà. Àyè tí ó ṣófo ni ooru yóò lò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun dí ihò kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gáàsì yóò gbà jáde kí sílíńdà tó bẹ́.

Ọ̀nà ilé ni ó kù. Inú mọ́tò kékeré kò ju bíi lítà 3,000 lọ. Bí kílò kan péré bá jò nínú rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì ní títì, ó ti ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, kí a má ṣe jókòó pẹ̀lú sílíńdà nínú mọ́tò tí a tì pa. Ẹ tú rẹ́gúlétọ̀ kúrò, ẹ de sílíńdà kí ó má yí, ẹ ṣí gíláàsì sílẹ̀, ẹ má ṣe kó ọmọdé dání, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí ó dúró nínú oòrùn.

BÍ Ó BÁ JÒ

Bí orí bá ń fọ́ ẹni tí ó wà nínú yàrá tí sílíńdà wà, tí èémí rẹ̀ sì ń yára láìnídìí, kí ó jáde ná. Kí ó má ṣe dúró wá ibi tí ó ti ń jò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti ìta bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ẹnìkan bá ti ṣubú sílẹ̀ nínú yàrá, ẹ má ṣe sáré wọlé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e kí afẹ́fẹ́ tó wọlé. Lọ́nà yìí ni ẹni tí ó fẹ́ gbani là ti ń di òkú kejì. Ẹ pe 767 tàbí 112, tí í ṣe nọ́mbà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún ìpọ́njú. A kì í gba owó lórí rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá ilé, kí ìmọ̀ yìí má ṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ra sílíńdà nìkan. Òun lè lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà tí ó bá jò. Kí ìyàwó mọ ọ́n, kí ọmọ tí ó ti dàgbà mọ ọ́n, kí ọmọ ọ̀dọ̀ pẹ̀lú mọ ọ́n: ìhà ibi tí a ń yí fáàfù sí láti pa á dé, fèrèsé tí a ó kọ́kọ́ ṣí, àti nọ́mbà tí a ó pè. Ẹ kọ ọ́ sínú pépà ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè sílíńdà. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Níbi tí imú kò bá ti wúlò, kí ojú gbogbo ará ilé máa ṣọ́nà.